Ta ló ń ṣe iṣẹ́ inú bùráúsà yín? Látorí Opera Mini ayé Nokia dé bùráúsà ayé AI

Tẹ́ ẹ bá wà l'Ákùúrẹ́ tẹ́ ẹ tẹ futa.edu.ng sókè bùráúsà, ìyẹn ápù tẹ́ ẹ fi ń ṣí péèjì orí íntánẹ́ẹ̀tì, bùráúsà ò mọ futa.edu.ng o, nọ́ńbà ló mọ̀, torí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Ó máa kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DNS, iṣẹ́ tiwọn ò ju kí wọ́n gba orúkọ kí wọ́n dá nọ́ńbà padà. Tí nọ́ńbà bá ti dé, á kan sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí péèjì yẹn wà lórí ẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi ti ọ̀rọ̀ wọn pa kí ará ọ̀nà má bàa kà á, òun lẹ fi ń rí https yẹn, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa ní òun fẹ́ péèjì. Ohun tí sáfà á sì fi ránṣẹ́ kì í ṣe àwòrán péèjì. Ọ̀rọ̀ lásán ni, HTML ni wọ́n ń pè é, àmì ló kún inú ẹ̀ pé àkọlé rèé, àwòrán máa wà níbí, lọ mú àwọ̀ àti lẹ́tà níbẹ̀ yẹn, lọ mú JavaScript, ìyẹn àṣẹ tí péèjì fi ń ṣiṣẹ́, lọ́hùn-ún. Bùráúsà á wá máa kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ṣírò ibi tí kálukú máa wà lójú fóònù, á wá yà á síbẹ̀.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, ẹ lè fojú yín rí gbogbo ẹ̀: ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ yọ láìní àwọ̀, lẹ́tà á yí padà, àwòrán á dé á ti gbogbo nǹkan sísàlẹ̀, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ ti kúrò lábẹ́ ìka yín.

Gbogbo kíkó àti ìṣírò yẹn, ó ní ẹni tó ń ṣe é. Ó lè jẹ́ fóònù ọwọ́ yín, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó wà lókè òkun. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí tó ń ṣe é, ẹ ti mọ ìdí tí dátà fi ń tán, ìdí tí fóònù fi ń gbóná, àti ẹni tó lè rí ohun tẹ́ ẹ ń kà. Látìgbà tí bùráúsà ti dáyé ni iṣẹ́ yìí ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ó sì tún ti ń ṣí báyìí.

Tim Berners-Lee ló ṣe bùráúsà àkọ́kọ́ lọ́dún 1990 ní ilé ìwádìí CERN ní Swítsàlandì. Ìwé kíkà ló wà fún, ẹ tẹ líǹkì, ìwé mìíì ṣí. Mosaic tí Marc Andreessen àti Eric Bina ṣe ní yunifásítì Illinois lọ́dún 1993 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ péèjì tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ wà nínú ẹ̀, nígbà tó di 1994 Netscape dé. Netscape gbé nǹkan méjì wá tá a ṣì ń lò dòní. Ọ̀kan ni kúkì, Lou Montulli ló ṣe é lọ́dún 1994 yẹn náà, torí sáfà kì í rántí èèyàn, tẹ́ ẹ bá bi í ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì àlejò lẹ jẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejèèjì, kúkì wá ni nọ́ńbà kan tí sáfà fún bùráúsà pé kó máa mú un dání wá nígbàkúùgbà tó bá ń bọ̀. Ọ̀kan tó kù ni JavaScript, Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá péré kọ ọ́ lọ́dún 1995. Òun gan-an ló yí ọ̀rọ̀ padà, torí látìgbà yẹn péèjì ò kàn jẹ́ nǹkan kíkà mọ́, ó ti di nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ẹni tó ṣí i.

Microsoft wá fi Internet Explorer sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́, ó gbọjà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó wá jókòó: Internet Explorer 6 jáde lọ́dún 2001, ọdún 2006 la tó rí 7. Firefox tó dé lọ́dún 2004 ló ta wọ́n jí.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ákùúrẹ́ àti ní Oǹdó, orí Nokia tó ń lo Java ni wọ́n ti mọ íntánẹ́ẹ̀tì, nínú Opera Mini, ó sì yẹ kéèyàn dúró lórí ẹ̀ dáadáa torí ọgbọ́n inú ẹ̀ pọ̀. Ilé iṣẹ́ Opera ní Nọ́rwèy gbé e jáde fún gbogbo ayé ní January 2006. Fóònù ìgbà yẹn, mẹ́mọ́rì ẹ̀ ò tó nǹkan kan, kò lágbára àtika HTML kó tún ṣírò ẹ̀. Wọ́n wá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ fóònù pátápátá. Tẹ́ ẹ bá tẹ àdírẹ́sì, fóònù ò débẹ̀ rárá, sáfà Opera ló ń lọ, òun lá kó gbogbo ẹrù, á ṣe JavaScript níbẹ̀, á ṣírò ẹ̀ tán, á fún àwòrán kéré, á wá fi èyí tó ti jinná ránṣẹ́. Bí ìgbà téèyàn rán ọmọ lọ sí Ọjà Ọba kó ra ẹ̀gúsí, tó ní kó bó o síbẹ̀ kó tó gbé e wálé. Péèjì mìíì lè fi tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dín kù. Dátà tí ẹlòmíì máa fi ka ojú ewé kan, ẹni tó ń lo Opera Mini á fi ka mẹ́wàá, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ò lówó lọ́wọ́ nǹkan ńlá nìyẹn.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ṣá. JavaScript tí sáfà bá ti ṣe, tó bá ti fi péèjì ránṣẹ́ ó parí nìyẹn, ohunkóhun tó bá tún fẹ́ yí padà fóònù gbọ́dọ̀ padà lọ bi sáfà. Ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù kan ò fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, irú èyí tẹ́ ẹ mú ìpínlẹ̀ Oǹdó tó yẹ kó gbé ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún jáde, tí àpótí kejì kàn ṣófo síbẹ̀. Èyí tó tún wá wúwo jù ni pé sáfà ò lè fún péèjì kéré láìrí inú ẹ̀, kódà kó jẹ́ https, kọ́kọ́rọ́ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, àárín sáfà Opera àti báǹkì ló wà, kì í ṣe àárín fóònù yín àti báǹkì. Lórí Android wọ́n ti pín in sí ọ̀nà méjì, Extreme ṣì ń ṣe bíi ti Nokia, High fi púpọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ báǹkì tàbí pọ́tà ilé ìwé, kó kúrò lórí Extreme kó tó tẹ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Chrome tó dé ní September 2008 gba òdìkejì lọ. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ló máa ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi V8 sí i, tó ń sọ JavaScript di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́ tààrà kó lè yá, wọ́n sì ya táàbù, ìyẹn péèjì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ṣí, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan bá kú èyí tó kù wà láàyè, kò sì rọrùn fún sáítì burúkú láti yọjú sínú táàbù mìíì. RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n fi ń san owó ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bùráúsà tẹ́ ẹ sì rí lónìí, ẹ́ńjìnnì Chrome yẹn ló wà nínú wọn, Opera gbà á lọ́dún 2013, Edge ti Microsoft náà gbà á ní January 2020.

RAM yìí náà ló ń fa nǹkan tó máa ń dun àwọn tó ń fi fóònù forúkọ sílẹ̀ ní South Gate FUTA àti káàkiri. Ẹ ti kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù tó gùn, wọ́n ní kẹ́ ẹ mú kóòdù wá látinú ímeèlì, ẹ jáde lọ wò ó, ẹ padà, péèjì ti tún ara ẹ̀ ṣí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ti lọ. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Android rí i pé ímeèlì ń wá àyè, ó wá pa táàbù tẹ́nikẹ́ni ò wò lọ́wọ́. Àdírẹ́sì ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ bùráúsà, ló bá lọ mú péèjì wá lọ́tun, ohun tẹ́ ẹ kọ ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ sáfà, inú mẹ́mọ́rì táàbù tó kú yẹn nìkan ló wà. Kẹ́ ẹ ti àwọn ápù tó kù pa kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka kóòdù náà látorí ìkéde tó bọ́ sókè fóònù láìjáde. Chrome orí kọ̀ǹpútà náà ti ń fi táàbù sùn láti 2023, Memory Saver ni wọ́n pè é, ẹ lè kọ orúkọ sáítì tẹ́ ò fẹ́ kó fọwọ́ kàn sínú sẹ́tíǹsì.

Nínú àwọn nǹkan tuntun, passkey ló yẹ kéèyàn tètè gbà. Kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ fi ń wọlé dípò páásíwọ́ọ̀dù ni, ó wà nínú fóònù yín, ìka yín ló ń ṣí i, ó sì so mọ́ àdírẹ́sì sáítì náà gan-an. Tí ọ̀bàyéjẹ́ kan bá ṣe péèjì tó jọ ti báǹkì bí ìbejì, bùráúsà ò ní mú kọ́kọ́rọ́ yẹn jáde rárá torí àdírẹ́sì ò bára mu, kò sì sí páásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín tẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ tún ti ń padà sọ́dọ̀ sáfà báyìí. Tẹ́ ẹ bá ní kí Chrome túmọ̀ péèjì sí Yorùbá, tó ti wà nínú Google Translate láti 2013, ọ̀rọ̀ inú péèjì yẹn ń lọ sọ́dọ̀ Google ni. Firefox ní tiẹ̀, láti 2023, inú ẹ̀rọ yín ló ti ń túmọ̀ àwọn èdè tó gbọ́, kò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbì kankan. Bí AI náà ṣe rí nìyẹn. Opera gbé Aria, AI tiẹ̀, dé lọ́dún 2023, ó dé inú Opera Mini lọ́dún 2025, ọdún yẹn náà ni Comet ti Perplexity àti Atlas ti OpenAI, bùráúsà méjì tí AI wà nínú wọn, jáde, tí Google náà fi Gemini, AI tiẹ̀, sínú Chrome ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá ní kí AI ṣàlàyé péèjì fún yín ní kúkúrú, ó sábà máa ń jẹ́ pé bùráúsà á kó ọ̀rọ̀ péèjì náà pọ̀ mọ́ ìbéèrè yín, á fi ránṣẹ́ sí sáfà, ìdáhùn á padà wá. Èyí tó ń ṣe é nínú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ wà, àmọ́ ti Chrome ń fẹ́ àyè 22 GB lórí dísíìkì kó tó gbà.

Comet àti Atlas tún lè bá yín tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n kọ̀wé sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n ra nǹkan, ibẹ̀ lewu wà. Lójú AI, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ àti ọ̀rọ̀ tó bá nínú péèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan lè fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí ibi funfun, tójú èèyàn ò ní rí, pé kí AI lọ ṣí ímeèlì kó fi ohun tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì báyìí, AI náà sì lè ṣe é, torí inú bùráúsà tẹ́ ẹ ti wọlé síbi gbogbo ló wà, kúkì yín ló mú dání. Wọn ò tíì rí ọ̀nà tó dí ihò yìí tán. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kó máa dúró béèrè kó tó sanwó, Atlas sì ní ọ̀nà kan tí AI fi ń ṣiṣẹ́ láìwọ àkáǹtì kankan, ìyẹn ló sì yẹ kẹ́ ẹ fi í sí tó bá jẹ́ pé kó kàn lọ wá nǹkan wá fún yín ni.