Wọ́n Ti Yọ Mágásíìnì, Ṣùgbọ́n Ọta Ṣì Wà Nínú Ìbọn

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí wọ́n bá ti ń jiyàn nípa ìbọn ìléwọ́ nídìí ìwé ìròyìn ní Sápọ́n l'Ábẹ́òkúta, tàbí níbi tí àwọn ọmọ tíátà wa ti ń ya fíìmù, ẹnì kan á sáà là á mọ́lẹ̀ pé: "Bí o bá ti yọ mágásíìnì, ó ti parí. Irin lásán ló kù lọ́wọ́ ẹ." Mágásíìnì ni àpótí irin kékeré tí wọ́n ń to ọta sí, tí wọ́n ń tì bọ inú ìbọn. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣiyèméjì. Ẹlòmíràn á mi orí, á ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Inú fíìmù ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ ọ: ọ̀gá àwọn adigunjalè á yọ mágásíìnì, á ju ìbọn sórí tábìlì, gbogbo ilé á mí kanlẹ̀.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tó ti gbé ìbọn oníkátíríìjì rí mọ̀ pé ọta tó ti wọlé ti wọlé. Ohun tó ń da àwọn yòókù láàmú ni pé wọn ò mọ ibi tí ọta ń wà. Ṣakabùlà ò ní wàhálà yìí: ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kì í, ẹ̀tù àti ọta wà lójú kan náà. Ìbọn ìléwọ́ tó ń ki ara rẹ̀ yàtọ̀, ibi méjì ni ọta ń gbé nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni mágásíìnì, tó wà nínú èèkù níbi tí wọ́n ń dì mú. Èkejì ni ihò kan ní ìdí ọ̀pá ìbọn, tí kò gbà ju ọta kan ṣoṣo lọ. Ọta inú ihò yẹn ló ń dún. Ṣe ni ti inú mágásíìnì ń tò, tó ń dúró de ìgbà tó máa kàn án.

Bí ìbọn bá dún, irin tó bò ó lókè á sún sẹ́yìn, á ju páànù ọta tó ti jó nù. Bó ṣe ń padà síwájú, á gba ọta mìíràn lórí mágásíìnì, á tì í wọ ihò. Kíákíá ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ojú ò lè bá a. Nítorí náà, ẹni tó ní ọta mẹ́jọ, tó yin mẹ́ta, tó wá yọ mágásíìnì, mẹ́rin péré ló fà jáde. Ìkarùn-ún wà nínú ihò, ìka ló ń retí. Ẹ gba àwo láfún lọ́wọ́ ọmọ tó ti fi òkèlè sẹ́nu: òkèlè ò ní torí ìyẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n mọ̀ díẹ̀, àwọn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n á kọ́kọ́ fa irin òkè sẹ́yìn, ọta kan á fò jáde, ọkàn wọn á balẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ mágásíìnì. Wọn ò rò ó pé bí irin ọ̀hún ṣe padà síwájú, ó ti gbé òmíràn wọlé. Ọta tó fò jáde lójú wọn gan-an ló tàn wọ́n jẹ.

Bí mo bá ti ṣàlàyé débí, ẹnì kan á ní, "Ṣùgbọ́n ìbọn kan wà tí kì í dún bí mágásíìnì ò bá sí níbẹ̀." Ó wà lóòótọ́. Browning Hi-Power, tí iléeṣẹ́ FN ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m gbé jáde lọ́dún 1935, ní irin kékeré kan nínú tí mágásíìnì ń tì. Bí mágásíìnì bá kúrò, èèyàn lè máa fa tírígà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dún. Àwọn ológun Nàìjíríà lo ìbọn yìí, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ náà ti gbérí lọ́dọ̀ tiwa, n ò lè búra.

Ṣùgbọ́n Colt 1911 ò ní irin yẹn. Glock, tí àwọn ọmọ ogun Austria gbà wọlé lọ́dún 1982, ò ní in. Níbí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń yẹ ìbọn olówó pọ́ọ́kú wò á ti dá sí i pé ìbọn gidi ní in, gbàǹjo ni kò ní in. Ó dáa. Glock kì í ṣe gbàǹjo. Ruger LC9, tó jáde lọ́dún 2011, tí kò wọ́n tó o, ní in. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LC9s Pro, tó jọ ọ́ bí ìbejì, kò ní in. Kí ni owó wá sọ fún wa níbẹ̀? Àní ní ìpínlẹ̀ California, òfin ló kàn án nípá láti ọdún 2007 pé ìbọn ìléwọ́ tuntun tó ń ki ara rẹ̀, tó bá fẹ́ wọ inú ìwé àwọn tí wọ́n lè tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irin yìí, kó sì ní àmì tó ń fi hàn pé ọta wà nínú ihò. Ohun tí gbogbo wọn bá ń ní tẹ́lẹ̀, ta ni yóò tún máa ṣòfin lé e lórí?

Èyí tó tún burú ni pé àwọn kan tó ni Hi-Power máa ń yọ irin náà dànù, torí pé ó ń mú kí tírígà le. Ẹ wá sọ fún mi bí ẹ ṣe máa fi ojú mọ̀ bóyá ó ṣì wà nínú ìbọn tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin.

Mi ò sọ pé irin yẹn ò wúlò. Ó ṣeé ṣe kó ti gba ọmọdé sílẹ̀ níbòmíràn. Mo kàn rò pé, bóyá, ẹni tí kò bá mọ irú ìbọn tó wà níwájú rẹ̀ ò yẹ kó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dán an wò.

Òfin tiwa náà ò sì fi í ṣeré. Inú ìsọ̀rí àkọ́kọ́ nínú Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ni ìbọn ìléwọ́ wà, pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta. Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn láyè láti ní in lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ ò bò ó rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín. Ẹ̀yin tó ń ya fíìmù, ìbọn onígi tí wọ́n kùn ní dúdú tó o ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣàdédé rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ nínú igbó ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá tàbí nínú àpò ọmọ rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kó kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kó ké sí ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá dé, kó sọ fún wọn bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án ṣáájú, àti bóyá ó yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.