Bí Owó Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Agbẹjọ́rò Mẹ̀kúnnù ní Amẹ́ríkà

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í gba owó. Ẹbí rẹ̀ ló ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, títí di ọjọ́ tí wọn yóò ṣe ìgbòmìnira fún un. Iṣẹ́ òfin ní Amẹ́ríkà ní irú ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ owó inú rẹ̀ sì díjú. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba oyè àkọ́kọ́, ìsinmi ìgbà ooru méjì ló sì wà láàárín ọdún mẹ́ta náà. Nínú ìsinmi yìí, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.

Àwọn kan ń lọ sí iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò ńláńlá, níbi tí owó ọ̀sẹ̀ kan ti lè lé ní $4,000. Àwọn mìíràn ń lọ sí àjọ tí kì í ṣe fún èrè, tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bíi Legal Aid Society ti New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1876 láti ran àwọn Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà lọ́wọ́. Iṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò lè tán, nítorí pé ìdájọ́ Gideon v. Wainwright ti ọdún 1963, tó ní kí ìjọba wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn tí kò sì lówó, kò kan ẹjọ́ ilé, ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ ìgbéyàwó. Ní ọdún 2017 ni New York di ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ṣòfin pé kí ayálégbé aláìní tí wọ́n fẹ́ lé jáde rí agbẹjọ́rò. Òfin náà mú ọ̀pọ̀ ayálégbé wá sí ọ́fíìsì àwọn àjọ yìí. Kò sọ agbẹjọ́rò di púpọ̀ lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti wúlò.

Ayálégbé kan lè gbé ọ̀rá wá, tí rìsíìtì owó ilé, àwòrán òrùlé tó ń jò àti ìwé tí onílé fi ránṣẹ́ kún inú rẹ̀ rúdurùdu. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò tò wọ́n sórí tábìlì bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Láti ọdún 2019, òfin ìpínlẹ̀ New York sọ pé onílé gbọ́dọ̀ kọ ìwé béèrè owó rẹ̀, kí ó sì fún ayálégbé ní ọjọ́ 14, kí ó tó lè gbé ẹjọ́ àìsanwó ilé lọ sí kọ́ọ̀tù. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wo ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ ayálégbé, yóò wo ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù gba ìwé ìpẹ̀jọ́ wọlé, yóò sì ka iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì. Bí ó bá kà á tó jẹ́ mọ́kànlá, ó ti rí ohun tí agbẹjọ́rò lè dì mú láti ní kí adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Onílé lè tún ẹjọ́ pè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé náà ti rí àyè mí, wọ́n sì lè fi wá owó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe agbẹjọ́rò o. Kò gbọ́dọ̀ dá oníbàárà nímọ̀ràn òfin fúnra rẹ̀, agbẹjọ́rò tó ń ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló sì ń buwọ́ lu ìwé tó bá kọ, nítorí ọrùn ọ̀gá ni àṣìṣe ń já lé. Kí ó tó fọwọ́ kan fáìlì, ọ́fíìsì yóò bi í léèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí, kó má lọ jẹ́ pé onílé tó wà ní òdìkejì ẹjọ́ ló ti bá ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rìn jìnnà nínú ẹ̀kọ́ láàyè láti sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, bí agbẹjọ́rò bá ń mójú tó o, tí oníbàárà náà sì gbà.

Níbo wá ni owó rẹ̀ ti ń wá, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń gbèjà kò san kọ́bọ̀? Àwọn àjọ kan ń yọ ọ́ nínú ọrẹ tí wọ́n rí gbà, wọ́n sì ń san án ní wákàtí-wákàtí. Ọ̀nà mìíràn ni ètò Federal Work-Study, tí òfin ọdún 1964 bí: ìjọba àpapọ̀ lè gbé tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó iṣẹ́ náà, kí agbanisíṣẹ́ fi ìyókù kún un. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin pẹ̀lú ń fúnni ní owó ìrànwọ́ ìgbà ooru, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló sì ń kó lára rẹ̀ jọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n á lu oúnjẹ alẹ́ ní ilé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní gbànjo, iye tí wọ́n bá rà á á sì bọ́ sí àpò àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ fún mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù ní ìlú New York jẹ́ $16.50 fún wákàtí kan. Ẹni tó bá fi wákàtí 35 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní iye yẹn yóò gba $5,775 kí owó orí tó kúrò níbẹ̀.

Òfin iṣẹ́ gba irú àjọ wọ̀nyí láàyè láti lo ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó, ìdí nìyẹn tí ìkọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ fi ṣì wà káàkiri. Àléébù gidi ni èyí. Ẹni tí òbí rẹ̀ lè bọ́ fún oṣù mẹ́ta ló lè ṣe é. Ọmọ ayálégbé tí wọ́n ti kó ẹrù ìyá rẹ̀ síta rí, tó mọ ìbéèrè tó yẹ kí a bi oníbàárà, lè máa ta kọfí ní tirẹ̀ kó lè jẹun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà mú ìlànà tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má gba owó àti yúnìtì ẹ̀kọ́ pọ̀ lórí iṣẹ́ kan náà kúrò, wọ́n sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan.

Fún ọmọ Nàìjíríà tó ń fi físà akẹ́kọ̀ọ́ kàwé níbẹ̀, ìdènà kan tún wà. Federal Work-Study kò sí fún un. Kí ó tó lè gba owó iṣẹ́ ní ìta ilé-ẹ̀kọ́, ó sábà máa ń nílò ìyọ̀ǹda iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CPT, èyí tí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń kọ sínú I-20 rẹ̀, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí sí ipò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti ka ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko. Orúkọ agbanisíṣẹ́ àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé, ó ti rú òfin físà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìní ló ń ṣiṣẹ́ fún.