Kí ni gígun òkè àti sísùn nínú àgọ́ fẹ́ kọ́ ọ̀dọ́langba?

Ọ̀pọ̀ òbí ni ọmọ wọn ti mú ìwé wá bá pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́langba lọ sórí òkè, sójú odò tàbí sínú igbó, wọn yóò sì sùn síbẹ̀. Ìwé náà á ní ẹgbẹ́ ọ̀hún máa jẹ́ kí ọmọ gbọ́n, kó sì lè dá dúró. Ibi tí ẹsẹ̀ rírìn àti ọgbọ́n ti pàdé kì í yé òbí, àwọn ọmọ náà sì ní ìbéèrè tiwọn. Ìdáhùn mi rèé sí àwọn tí mo máa ń gbọ́ jù.

Ṣé òkè ló ń kọ́ ọmọ ni?

Rárá o. Ẹni tí wọ́n fi mọ́tò gbé dé orí òkè kan náà, tí wọ́n sì gbé oúnjẹ fún níbẹ̀, á gbádùn afẹ́fẹ́, á sì padà sílé bó ṣe wá. Ohun tó ń kọ́ ọmọ ni pé wọ́n fi iṣẹ́ gidi lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe é, gbogbo ikọ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká fi máàpù ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n á fún ikọ̀ ọmọ mẹ́rin sí méje ní máàpù àti kọ́ńpáàsì, wọ́n á ní kí wọ́n ṣírò iye wákàtí tí ìrìn wọn máa gbà. Ní 1892, ará Scotland kan, William Naismith, la ọ̀nà ìṣirò kan sílẹ̀ tí àwọn tó ń rìn lórí òkè ṣì ń lò: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gùn sókè. Bí ìrìn bá jẹ́ kìlómítà 10, tí òkè ibẹ̀ sì jẹ́ mítà 300, wákàtí 2 ààbọ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá dé ojú ọ̀nà ni wọ́n á rí i pé ìṣirò náà kò ka ìsinmi, kò ka ẹrẹ̀, kò sì ka ọ̀rẹ́ wọn tí bàtà ti bó ní gìgísẹ̀. Ẹnì kan á ní kí àwọn yára kí ilẹ̀ má baà ṣú. Òmíràn á ní kí ẹni tó ń tiro bọ́ síwájú, kí gbogbo wọn máa rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe lè gbé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ pinnu, kò sì sí àgbàlagbà tó máa bá wọn dá sí i. Kí ọmọ tẹ́tí sí ẹlòmíràn nígbà tó ti rẹ òun náà, tí ebi ń pa á, ẹ̀kọ́ yẹn ṣòro láti rí nínú yàrá ìkàwé.

Ní kíláàsì, ẹni tó bá ṣì í á pàdánù máàkì. Lójú ọ̀nà, gbogbo ikọ̀ ló máa rin kìlómítà 2 padà. Ó máa ń yé wọn kíá, láìsí pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí.

Èé ṣe tó fi jẹ́ àwọn ọ̀dọ́langba ni wọ́n ń wá?

Ní ọjọ́ orí yìí, apá ọpọlọ tó ń wá ìgbádùn àti nǹkan tuntun ti jí dáadáa, ṣùgbọ́n apá iwájú ọpọlọ, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn rò ó kó tó ṣe é, ṣì ń dàgbà títí ọmọ á fi lé ní ogún ọdún. Ọ̀dọ́langba á ṣáà wá ibi tó ti máa dán ara rẹ̀ wò, pàápàá lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó jẹ́ lára àpáta tí wọ́n ti fi okùn dè é mọ́, ju kó jẹ́ lórí ọ̀kadà lóru.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Kì í ṣe ẹnì kan. Ní oṣù Kẹjọ 1907, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Baden-Powell, kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní England. Ó da ọmọ olówó pọ̀ mọ́ ọmọ òṣìṣẹ́, ó pín wọn sí ikọ̀, ó sì fi àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe olórí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Scout ti ṣẹ̀.

Ẹnì kejì tó yẹ ká mọ̀ ni Kurt Hahn, olùkọ́ ọmọ Jámánì tó jẹ́ Júù. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1933 nítorí pé ó ta ko Hitler, ó sì sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1941, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, òun àti Lawrence Holt, tó wà lára àwọn tó ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan, dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey ní Wales, láti múra àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ sílẹ̀ de ìnira orí omi. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí Hahn kọ́ nílé ìwé ni Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tó dá ètò àmì ẹ̀yẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Duke of Edinburgh's Award sílẹ̀ ní 1956. Ẹ wo ohun tí ètò yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wá àmì ẹ̀yẹ wúrà: ọjọ́ 4 àti òru 3 ni ìrìn inú igbó, ṣùgbọ́n oṣù 12 ni yóò fi ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láìgba owó.

Ewu ńkọ́?

Ewu wà. Bí olórí ẹgbẹ́ bá sọ fún yín pé kò sí, ẹ má fi ọmọ yín lé e lọ́wọ́.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣèwádìí nípa àwọn àgbàlagbà tó ń bá wọn lọ. Ẹ béèrè bóyá ó lòdì sí òfin wọn kí àgbàlagbà kan ṣoṣo wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ò tó. Bí wọn ò bá ní òfin yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ló mọ ìtọ́jú pàjáwìrì? Ṣé ọmọ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá máa wọ ẹ̀wù tó ń jẹ́ kéèyàn léfòó? Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni: ìgbà wo lẹ yí padà gbẹ̀yìn nítorí ojú ọjọ́? Ẹgbẹ́ tó ti ń rìn tipẹ́ á ní ìdáhùn sí i.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń dá rìn, ẹ̀yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kí àgbàlagbà sì máa dúró dè wọ́n láwọn ibi tí wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má purọ́ nínú ìwé ìlera. Ikọ́ fée, wárápá, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kì í gbà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Bó bá ṣì ń tọ̀ sílé, ẹ pe olórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ sọ fún un. Ó ṣeé bójú tó láìsí pé ọmọ kankan mọ̀.

Kí la máa rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń yáni ní àgọ́ àti àpò ìsùn. Bàtà tó ti mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, ẹ̀wù òjò ló tẹ̀ lé e. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ: ọmọ tó bá wọn kílò 48 kò gbọ́dọ̀ ru ju kílò 12.

Mi ò fẹ́ lọ, àwọn òbí mi ló ń tì mí. Kí ni kí n ṣe?

Lọ bá ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé mélòó kan kí o tó gbà láti bá wọn rìnrìn àjò. Wo bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí kò yára lò. Bí wọ́n bá ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, tí olórí sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, sọ fún àwọn òbí rẹ bó o ṣe rí i; ìdí gúnmọ́ nìyẹn láti má lọ. Bó bá jẹ́ pé ojú ló ń tì ọ́, ní kí wọ́n fi ọ́ sí ikọ̀ tí ẹnì kan tí o mọ̀ wà, kí o sì yan iṣẹ́ kan tí wàá máa mójú tó, bíi iná dídá tàbí máàpù kíkà. Tó bá sì jẹ́ pé kò wù ọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, tètè sọ, kí ikọ̀ tó pín oúnjẹ àti àgọ́, kí wọ́n lè rí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ.