Ibi tí ẹja ti kọ́ rírá bàbà

Ẹja tó ń fò kì í lu apá bí ẹyẹ. Rírá bàbà ló ń rá bàbà, bí àwòdì tó na apá gbalaja sójú ọ̀run. Yóò sáré lábẹ́ omi, yóò yọrí, yóò na lẹbẹ àyà rẹ̀, síbẹ̀ ìdí ìrù rẹ̀ kò tíì ní kúrò nínú omi. Ẹ wo ìrù yẹn dáadáa: apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn ju tòkè lọ. Ìsàlẹ̀ yìí ló fi ń na omi láìdáwọ́ dúró, pá-pá-pá, títí gbogbo ara rẹ̀ á fi gbéra. Lọ́dún 2008, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Japan ya ọ̀kan tó wà lókè omi fún ìṣẹ́jú àáyá 45.

Ṣùgbọ́n ìran tó wà lókun lónìí kọ́ ló kọ́kọ́ dá àrà yìí. Lọ́dún 2012, Guang-Hui Xu àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ẹja kan tó ti di òkúta ní Xingyi, lẹ́kùn Guizhou, ní Ṣáínà. Potanichthys ni wọ́n sọ ọ́. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó sì ti lo mílíọ̀nù ọdún 235 ó kéré tán nínú ilẹ̀. Lẹbẹ àyà rẹ̀ fẹ̀ bí apá, lẹbẹ ikùn rẹ̀ náà ṣe bí apá kékeré. Nínú gbogbo ẹ̀dá eléegun ẹ̀yìn tí a tíì rí, òun àtàwọn ará ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ rá bàbà lójú omi. Wọ́n ti rí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Austria àti Ítálì ṣáájú. Òkun ńlá kan, Tethys, ló so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Ṣáínà nígbà náà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Lọ́dún 2015 wọ́n tún ṣàlàyé Wushaichthys, ìbátan Potanichthys tí kò tíì ní apá kankan, tí ìpẹ́ ṣì bò lára. Òun ló jẹ́ ká mọ bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra. Orí ló kọ́kọ́ yí padà, ó bá gbígbé nítòsí ojú omi mu. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ìrù gùn. Ìgbà yẹn ni lẹbẹ àyà tó wá fẹ̀, ìpẹ́ ló sì dín kù kẹ́yìn. Ìrù ṣáájú apá! Lójú tèmi, ó bọ́gbọ́n mu: ẹja tó bá lè ta sókè lásán ti bọ́ lẹ́nu ọ̀tá, kó tó ní apá tí yóò fi pẹ́ lókè. Ọ̀tá sì pọ̀ lókun ìgbà náà, pàápàá àwọn ẹranko afàyàfà ńláńlá tó ń dọdẹ ẹja.

Ìdílé Potanichthys kú àkúrun nígbà tí sáà Triassic parí, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 201 sẹ́yìn, wọn ò fi ọmọ kankan sílẹ̀. Ó ju mílíọ̀nù ọdún 100 lọ lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn ẹja tó ń fò lónìí tó dé, láti ìdílé mìíràn pátápátá. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé ìrù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹja inú òkúta Xingyi, ìsàlẹ̀ ló gùn nínú méjèèjì.