"Ilé Ìwé Á Pè Wá": Ìgbàgbọ́ Tó Ń Pa Òbí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lára

"Bí nǹkan kan bá ń ṣe ọmọ mi ní yunifásítì, ilé ìwé á pè mí." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ìyálọ́jà ní Bódìjà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bó bá jẹ́ àìsàn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yunifásítì ìjọba kì í pe òbí torí pé ọmọ kò wá sí kíláàsì. Kì í pè é torí pé ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Kódà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ máa lọ sílé pátápátá, ọmọ náà ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé wá. Ọdún mẹ́fà tí ọmọ fi wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ilé ìwé ló ń wá òbí kiri. Bí táámù bá parí, ríṣọ́ọ̀tù á délé, bàbá á yẹ̀ ẹ́ wò, á fọwọ́ sí i. Wọ́n á pe ìpàdé PTA. Bí ọmọ bá sá nílé ìwé fún ọjọ́ méjì, tíṣà á tẹ ìyá rẹ̀ láago. Nígbà tí ọmọ wá rí àyè wọ yunifásítì, òbí rò pé ètò yẹn náà ni yóò máa bá a lọ. Ọjọ́ tí ọmọ ṣe WAEC tán ni ètò yẹn ti dópin, kò sì sí ẹni tó sọ fún òbí.

Ojú àgbà ni yunifásítì fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́. Níbi ayẹyẹ ìgbaniwọlé, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń búra pé òun á tẹ̀lé òfin ilé ìwé, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àárín òun àti ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ wà. Orí portal, ìyẹn ìkànnì ilé ìwé, ni èsì ìdánwò ń jáde sí, password akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ṣí i. Òbí tó bá lọ sí ọ́fíìsì fákọ́tì pé òun fẹ́ rí èsì ọmọ òun lè bá òṣìṣẹ́ tó máa ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà kò ṣe àfojúdi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ara ẹni, èsì ìdánwò sì wà lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè ní àgbà yìí kò tíì dàgbà. Ọmọ ọdún 16 lè wọ yunifásítì lábẹ́ ìlànà tó wà nílẹ̀ báyìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Àgbà ni lójú ilé ìwé, ọmọdé ni lójú òfin. Bí ọmọdé bá sì láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọdún kìíní yẹn gan-an, tí ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá jí, dá náwó, dá kàwé, ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fà sẹ́yìn pé iṣẹ́ àwọn ti parí.

Àwọn yunifásítì aládàáni yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ilé ìwé máa ń fi èsì ránṣẹ́ sí òbí, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ìyẹn ló ń ṣi àwọn kan lọ́nà: àkọ́bí lọ sí ti aládàáni, àbúrò rẹ̀ wọ UI (Yunifásítì Ìbàdàn), òbí sì ń retí ìpè tí kò ní wá.

N'Íbàdàn níbí, ohun mìíràn tún ń tàn wá jẹ. Ilé ìwé wà nítòsí. Láti 1948 ni UI ti wà láàárín wa, ọ̀pọ̀ wa la sì ń gba ẹnu géètì rẹ̀ kọjá bí a bá ń ti Ṣáńgó lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Òbí tó ń gbé ní Mọ́lété tàbí Òkè-Àdó gbà pé torí pé ọmọ òun ń wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, òun mọ bó ṣe ń lọ sí. Ọmọ dé, ó fọṣọ, ó sùn. Ìyá se ọbẹ̀ ata fún un, ó di gààrí àti èlùbọ́, ọmọ sì padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì Mellanby tàbí Queen Idia tàbí yàrá tó gbà ní Àgbowó. Ẹ wá bi ìyá náà léèrè: kọ́ọ̀sì mélòó ló ń ṣe ní sẹ́mẹ́sítà yìí? Èwo ló le jù fún un? Ta ni course adviser rẹ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì? Mo ti bi àwọn òbí tí mo mọ̀, ohun tí mo sì sábà máa ń gbọ́ ni, "Ó ń gbìyànjú." Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Maiduguri, tó lè ka orúkọ kọ́ọ̀sì ọmọ náà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ríra, wọn kì í sì í fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò kan fún yín, kí ẹ lè rí ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn dúró de ìpè. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, máàkì 5 ni A, 4 ni B, 3 ni C, 2 ni D, òdo sì ni F. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye unit tirẹ̀, ìyẹn bí kọ́ọ̀sì náà ṣe wúwo tó. Ẹni tó bá gba A nínú kọ́ọ̀sì oní-unit 3 ti kó 15 jọ. Wọ́n á ro gbogbo ohun tó kó jọ pọ̀, wọ́n á fi iye unit pín in, ohun tó bá jáde ni CGPA. Ó gbọ́dọ̀ tó 4.50 kó tó di First Class, oyè tó ga jù, ó gbọ́dọ̀ tó 3.50 kó tó di two-one tó tẹ̀ lé e.

Ká ní ọmọ ṣe unit 40 ní 100 level, ìyẹn ọdún kìíní, tó sì gba 2.00. Máàkì 80 ló kó jọ yẹn. Ojú rẹ̀ wá là ní 200 level, ó kàwé bí ẹni pé kò ní sùn mọ́, ó gba 4.50 nínú unit 40 mìíràn: ìyẹn jẹ́ 180. Ẹ ro ó pọ̀, 260. Ẹ fi 80 pín in, 3.25. Lẹ́yìn odidi ọdún kan tó fi ṣe dáadáa, kò tíì dé ẹnu two-one. Bó bá sì jẹ́ pé láti 200 level títí dé 400 level, A nìkan ló ń gbà, tí kò já ẹyọ kan sílẹ̀, 680 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ lórí unit 160, ìyẹn 4.25. Ọdún kìíní nìkan ti ti ilẹ̀kùn First Class mọ́ ọn lórí. Òbí tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní 300 level kò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́, àfi kó máa banú jẹ́. Ká ní ó gbọ́ lẹ́yìn sẹ́mẹ́sítà àkọ́kọ́ ní 100 level ni, wọn ì bá ti wá ẹni tí yóò la ìṣirò tàbí kẹ́mísìrì yé ọmọ náà.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, bí CGPA bá wálẹ̀ ju 1.00 lọ, wọ́n á fi ọmọ sí probation, ìyẹn abẹ́ ìkìlọ̀. Bí kò bá gbé e sókè láàárín àkókò tí wọ́n fún un, wọ́n á ní kó máa lọ. Àwọn ohun tó ń gbé ọmọ débẹ̀ kì í sì í ṣe àìmọ̀wé nígbà gbogbo. Ọmọ lè gbàgbé láti fi orúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí portal títí wọ́n fi tì í. Kódà bó bá ṣe ìdánwò náà, èsì rẹ̀ kò ní kà. Ó lè pa lẹ́kíṣọ̀ jẹ títí kò fi pé ìdá 75 nínú 100 tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń béèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Àwọn nǹkan tí ìbéèrè kan láti ilé lè tètè hú jáde ni wọ̀nyí.

Ìyanṣẹ́lódì tún wá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òbí tó bá ń fi ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ka ọdún mẹ́rin kò lè mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ dé mọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ kan fara pa mọ́ sí. Wọ́n ti ní kí ọmọ máa lọ, àmọ́ "Dádì, ASUU ló fà á" ló ń sọ nílé, ó ń gba owó oúnjẹ, ó sì ń lọ sùn ní Àgbowó lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Àwọn òbí kan ti mú aṣọ fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, wọ́n ti sọ fún ẹbí, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé orúkọ ọmọ àwọn kò sí nínú ìwé. Ó ti ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn yìí, kì í ṣe ní ilé kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí ọmọ fi ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́? Ẹ má tètè pè é ní olè. Ọmọ tó mọ̀ pé owó àjọ ìyá òun, tàbí owó tí bàbá òun yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni òun fi ń kàwé, ojú á tì í láti wá sọ pé òun gba F mẹ́ta. Bó bá tún rántí bí wọ́n ṣe pariwo lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí nígbà tí kò já JAMB, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìròyìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ òbí ni ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀, òbí ló sì ń ṣí ọ̀nà náà tàbí kó dí i. Ọjọ́ tó bá ní, "Mọ́mì, mo ní carry over kan," ohun tí ẹ bá sọ lọ́jọ́ náà ló máa pinnu bóyá ẹ máa gbọ́ nípa ìkejì. Ẹ bi í pé kọ́ọ̀sì wo ni, ìgbà wo ló máa tún un ṣe, kí ló ṣòro fún un nínú rẹ̀. Ìbínú yín lè dúró. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkejì yín nínú yàrá.

Ìbéèrè "Ṣé kò sí wàhálà?" kò sọ nǹkan kan fún yín, torí pé "Rárá, sà" ni ìdáhùn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mẹ́sítà, ẹ béèrè bóyá ó ti fi orúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, unit mélòó sì ni gbogbo rẹ̀. Kì í sábà wá sílẹ̀ ju 15 lọ fún ẹni tó ń kàwé déédéé. Nígbà tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ béèrè nípa test. Bí èsì bá jáde, ẹ jọ jókòó, kí òun fúnra rẹ̀ ṣí portal, kó ṣàlàyé fún yín. Kò yẹ kí ẹ gba password lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń ṣọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n á wá ibòmíràn sá gbà. Ìyá tí kò kàwé náà lè ṣe èyí. Ọmọ á ṣàlàyé fún un ní Yorùbá, bó bá sì ń ṣàlàyé, òun náà á máa gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Àṣìṣe kan wà lódìkejì tó burú ju dídákẹ́ lọ: òbí tó ń lọ bá olùkọ́ nílé láti bẹ̀bẹ̀ fún máàkì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin ilé ìwé, orí ọmọ ni ìyà rẹ̀ máa já lé. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láti bá ilé ìwé sọ, ẹ jọ lọ, ẹ̀yin àti ọmọ, ní ojú ọ̀sán, sọ́dọ̀ course adviser tàbí olórí ẹ̀ka, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Láti 2024 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè yá owó lọ́wọ́ NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, láìní onídùúró, nítorí náà òbí lè má gbọ́ sí i. Owó ilé ìwé á lọ tààrà sí àpò ilé ìwé, ₦20,000 lóṣooṣù á sì máa wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́. Kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ẹ béèrè bóyá ó ti gbà á, kí ẹ má baà san owó ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù yín, ẹ ní kó yí i padà nínú ìwé tó kọ orúkọ yín sí gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó sún mọ́ ọn jù. Bí àìsàn bá kì í mọ́lẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí Jájá, ilé ìwòsàn UI, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́, tí lẹ́tà ti jáde? Ẹ kọ́kọ́ ní kó mú lẹ́tà náà wá, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, nítorí ilé ìwé mìíràn ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò láti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, tàbí láti lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ó lè tún JAMB ṣe, ó sì lè lọ gba ìwé ẹ̀rí ND ní Poly Ìbàdàn tàbí ibòmíràn, kó fi í wọ 200 level nípasẹ̀ Direct Entry bí máàkì rẹ̀ bá tó. Ọdún méjì ni ND, kò sì pẹ́ jù fún ọmọ ọdún 20.