Ìfojúbù àkókò kì í ṣe ìlérí o

Tí kọ́sítọ́mà bá bi ẹ́ pé "ọjọ́ mélòó lẹ máa fi parí ẹ̀?", èyí tó bá kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu ẹ, irọ́ ni, ìwọ gan-an ò kàn mọ̀ pé ò ń parọ́ ni. Estimate ò ju ìfojúbù lọ, pé o fojú bu iye àkókò tí iṣẹ́ máa gbà. Dẹ́dílaìnì ni ìlérí. Àwa tá à ń ṣe freelance, ìyẹn àwa tá à ń dá gbaṣẹ́ ṣe, la máa ń po méjèèjì pọ̀.

Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ti sọ ọ́ láti 1979, planning fallacy ni wọ́n pè é: téèyàn bá ń ro iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ibi tó máa dùn nìkan lojú ẹ̀ ń lọ, kódà kí irú iṣẹ́ yẹn gan-an ti pẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Èmi o, nọ́ńbà mẹ́ta ni mo máa ń wá. Tó bá lọ geere, wákàtí 6. Bó ṣe sábà máa ń rí, 10. Tó bá dojú rú pátápátá, 26. Màá sọ ti àárín di ìlọ́po mẹ́rin, màá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, màá pín in sí 6, ó di 12. PERT lorúkọ ìṣirò yẹn, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1958 nítorí mísáìlì Polaris, kì í ṣe pé mo dá a ṣe.

Àmọ́ wákàtí 12 kì í ṣe ọjọ́ kan àbọ̀! Ímeèlì wà, iṣẹ́ ẹlòmíì wà nílẹ̀, tí mo bá rí wákàtí 3 gidi lójúmọ́ fún iṣẹ́ kan mo ti gbìyànjú, ìyẹn ti di ọjọ́ 4, a ò sì tíì ka iye ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà fúnra ẹ̀ máa fi jókòó lé ohun tá a fi ránṣẹ́. Mo sọ ọjọ́ 3 fún ẹnì kan rí, lógò tó ní òun máa fún mi ò dé títí ọjọ́ 5, èmi náà ni wọ́n ní mo pẹ́.

Ohun tí mò ń kọ báyìí rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o sà, ó máa gbà tó ọjọ́ 5 sí 8, látọjọ́ tí lógò bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú ẹ̀, tó bá jùyẹn lọ àá tún jọ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta màá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tá a bá a dé."

5 yẹn nìkan ni wọ́n máa gbọ́ o, torí náà kó jẹ́ 5 tó ṣeé ṣe. Tó o bá sì rí i pé ó fẹ́ pẹ́, ọjọ́ kẹta yẹn ni kó o ti sọ ọ́, má dúró dalẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń retí iṣẹ́ kó o tó máa bẹ̀bẹ̀.