Ẹ fi gbẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ wá gbá bọ́ọ̀lù

Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló tún sọ fún mi pé 2018 ni àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ Queensland àti ti New South Wales bẹ̀rẹ̀ sí í figagbága nínú rugby league, eré tí wọ́n ti ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sá lọ, tí wọ́n sì tún ń fẹsẹ̀ gbá a, l'Ọsirélíà. Ẹ jọ̀ọ́! 2018 ni wọ́n fún un lórúkọ State of Origin, tàwọn ọkùnrin ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1980. Láti 1999 làwọn obìnrin ti wà lẹ́nu ẹ̀, ife ò sì kúrò lọ́wọ́ Queensland rárá, kódà nígbà tí wọ́n ta ọ̀mì 4-4 ní 2015. 2016 ni New South Wales tó rí i gbà, 8-4.

4-4 yẹn ló ń dùn mí o. Bí ẹnì kan bá ti gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan péré gba àárín òpó, ó tán nìyẹn. Try, ìyẹn kẹ́ ẹ gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò, jẹ́ àmì mẹ́rin, tẹ́ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé lé e, ẹ fi méjì kún un, pẹ́náríìtì náà méjì, field goal, ìyẹn kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó nígbà téré ṣì ń lọ, ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn lẹ sì máa ń fojú di. Ẹ wo 2021, 6-6 ni wọ́n wà, eré ti fẹ́ẹ̀ parí, Lauren Brown ti Queensland gbá pẹ́náríìtì wọlé, 8-6. Ní 2024 tí State of Origin obìnrin kọ́kọ́ di ẹlẹ́ẹ̀mẹta, New South Wales ti na Queensland lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá gba ti Newcastle ó parí, Lauren Brown kan náà tún gbá ẹyọ kan wọlé, 11-10! Queensland bá lọ fi 22-6 gbé ife ní Townsville. New South Wales gbà á padà ní 2025 ṣá.

Ẹ̀yin tí mò ń kọ́ ò wá fẹ́ dúró gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tréníìngì. Ọmọ kan lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ dáa gan-an, àmọ́ tí n bá ti ní kó gbá ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Sátidé kan ló gbé gbẹ́rẹ́ mọ́kànlá wá lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ̀tù dúdú ṣì wà lójú ẹ̀. Bàbá oníjìbìtì kan ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní bọ́ọ̀lù ò ní tàsé mọ́ láé. Mo ní ó dáa, gbá a ká wò ó. Bọ́ọ̀lù fò kọjá fẹ́ǹsì, ó já sínú báàfù ìyá tó ń ta ẹ̀pà sísè.

Èmi ni mo san owó ẹ̀pà. Gbẹ́rẹ́ yẹn kẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ò fi lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.